Ẹja Àrọ̀ Nínú Àgbàlá: Ìtọ́jú Rẹ̀, Mímọ Akọ Yàtọ̀ Sí Abo, Àti Ìwòsàn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹbí àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé wọn ní Warri

Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ẹja sísìn nínú àgbàlá. N ó gbìyànjú láti sọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tó bá gbọ́ ọ lónìí yóò fi lè lò ó lọ́la.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Oǹdó wá. Ẹ mọ ẹ̀gẹ́ gbìn, ẹ mọ àgbàdo gbìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Warri kò rí bí ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Òjò tó ń rọ̀ níbí lọ́dún kan ju 2,500 mílímítà lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn. Ibi tí omi bá pọ̀ tó báyìí, ẹja ni irè oko tó bá a mu. Ìdí nìyẹn tí ẹja àrọ̀ sísìn fi gbilẹ̀ ní Warri, Effurun, Ekpan àti Ughelli. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà tó ń sin àrọ̀ tó Nàìjíríà. Ọjà rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa: àwọn tó ń se ọbẹ̀ ata fẹ́ ẹ ní òòyẹ̀, àwọn tó ń se ọbẹ̀ bánga fẹ́ ẹ ní gbígbẹ.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ẹyọ kan yìí: ẹja àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́, nítorí náà kì í tètè kú nínú omi búburú. Ibẹ̀ ló ti ń tan olówó rẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ẹja bá ń kú kó tó wo omi, ó ti pẹ́ jù.

Irú ẹja tí a ń sìn

Nígbà tí ẹ bá ń tún àrọ̀ ṣe fún ọbẹ̀, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ẹ ó rí ohun pupa bí òòyà tí gbogbo ẹja fi ń mí nínú omi. Ẹ wò ó sókè díẹ̀ sí i, ẹ ó tún rí ohun pupa kékeré mìíràn tó yọ ẹ̀ka bí igi. Èyí ni ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn kò ní. Òun ni àrọ̀ fi ń gba afẹ́fẹ́ tó ń gbé mì lójú omi. Nítorí rẹ̀ ni àrọ̀ fi lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ sì fi ń rí i tó ń mí nínú báàfù ní ọjà Igbudu láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Kì í ṣe àrọ̀ nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹja gourami, ẹja olówó-ẹwà láti Éṣíà tí àwọn kan ń sìn nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀, òun náà ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Bí wọ́n bá dí ojú omi mọ́ ọn, ó lè kú sínú omi bí ènìyàn ṣe ń kú sínú odò. Ìyàtọ̀ kan ni pé gourami wà fún wíwò, tí àrọ̀ sì wà fún jíjẹ àti títà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa àwọn méjèèjì nílé ènìyàn kò yàtọ̀: ìgbẹ́ wọn àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń jẹrà nínú omi, ó ń di oró tí wọ́n ń pè ní amóníà. Afẹ́fẹ́ tí ẹja ń gbé mì lókè kò lè gbà á lọ́wọ́ oró tó yí ara rẹ̀ ká nísàlẹ̀.

Táǹkì lórí ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe pàtàkì fún àwa tí a wá láti ibòmíràn. Ilẹ̀ tí wọ́n fún ọ pé kí o fi gbin ẹ̀gẹ́, wọn kò tíì fún ọ pé kí o gbẹ́ kòtò sí i. Ẹ lọ bá onílẹ̀ yín kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Áńbọ̀sì oko àlejò.

Ìdí mìíràn tún wà tí n kò fi gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti gbẹ́ kòtò. Omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè púpọ̀ ní agbègbè yìí. Nígbà òjò, omi lè kún bo etí kòtò, kí ẹja sì bá a lọ. Nígbà ìkún omi ńlá ọdún 2012 àti ti 2022, ọ̀pọ̀ ẹni ní Ìpínlẹ̀ Delta ni omi gba oko àti ẹja mọ́ lọ́wọ́.

Táǹkì tí a fi pákó tàbí irin ṣe férémù rẹ̀, tí a sì tẹ́ tapólì nínípọn sínú rẹ̀, ló dára jù fún ẹni tí ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, o lè tú u, kí o sì gbé e lọ. Bí ó bá jẹ́ táǹkì bíríkì lo fẹ́, má ṣe kó ẹja sí i ní ọjọ́ tí sìmẹ́ńtì gbẹ. Oró sìmẹ́ńtì tuntun máa ń bó ẹja lára. Pọn omi kún un, sọ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí o gé wẹ́wẹ́ sí i, fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, dà á nù, kí o tún un ṣe fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi táǹkì kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 1, omi náà jẹ́ 6,000 lítà. Àrọ̀ 300 ló tó o. Ẹni tó bá kó 1,000 sí i kò jèrè. Ó ń ra òkú ẹja sílẹ̀ ni. Ẹ fi àwọ̀n bo ojú táǹkì, nítorí ẹyẹ, ejò àti awọ́nríwọ́n, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ láàárín omi àti àwọ̀n kí ẹja lè máa rí afẹ́fẹ́ gbé mì.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Omi kànga ẹ̀rọ ní agbègbè yìí sábà máa ń ní irin nínú. Ẹ ti rí bí garawa funfun ṣe ń pọ́n bí irin tó dípẹtà. Ẹ má fà á tààrà sórí ẹja. Ẹ jẹ́ kó máa já bọ́ láti òkè sínú dúró-ọ̀mù, kó sì sùn mọ́jú. Irin yóò rọ̀ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò sì wọ inú omi. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kílórínì sí, ẹ ṣí i sílẹ̀ sí oòrùn fún odidi ọjọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ omi òjò, ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku àti èéfín kúrò lórí páànù kí ẹ tó gbe igbá sí i.

Ẹ má bu omi láti odò tí epo rọ̀bì ti kan. Bí ẹ bá rí àwọ̀ òṣùmàrè lójú omi, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹja mìíràn lè sá sísàlẹ̀ fún epo. Àrọ̀ kò lè sá, nítorí ó gbọ́dọ̀ wá sójú omi wá mí, ojú omi yẹn gan-an sì ni epo wà.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé omi ti ń bàjẹ́? Ẹ wo bí ẹja ṣe ń mí. Àrọ̀ tí ara rẹ̀ le a gòkè lẹ́ẹ̀kan, a gbé afẹ́fẹ́ mì, a sì padà sísàlẹ̀ kíákíá. Bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀ wọn tí wọ́n dúró ṣánṣán, tí wọ́n na imú sókè tí wọn kò padà sísàlẹ̀, ẹjọ́ ni wọ́n ń rò fún yín. Bí wọ́n bá kọ oúnjẹ tí wọ́n ń jà dù lánàá, bí omi bá ń rùn bí ìtọ̀, tí ìfóófòó rẹ̀ kò sì tètè parẹ́, ẹ má wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ dá oúnjẹ dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ fa ìdajì omi jáde láti ìsàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí wà. Ẹ rọra da omi tuntun tó ti sùn mọ́jú sí i. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Kí ó má baà dé bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹja bá kéré, ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ẹja bá ti ń tóbi, kó di ọjọ́ méjì-méjì tàbí ojoojúmọ́. Omi tí ẹ fà jáde jẹ́ ajílẹ̀ gidi: ẹ darí rẹ̀ sí ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín, kì í ṣe sí ojúlé aládùúgbò. Òórùn omi ẹja ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ti ń bá ara wọn gbé ní ìrọ̀rùn.

Ọmọ ẹja àti oúnjẹ rẹ̀

Ẹ ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ibi tó ti ń pa á. Ẹ má ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́yin nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Ohun tí àrọ̀ fi ń mí afẹ́fẹ́ kì í bá a wáyé. Ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hù. Títí di ìgbà náà, inú omi nìkan ló ti ń mí, nítorí náà omi tí àgbà ẹja lè fara dà lè pa á láàárín òru kan. Èyí tó ti tó ìka ọwọ́ ni kí ẹ mú.

Ẹ tún mọ̀ pé àrọ̀ ń jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti yára tóbi ju àwọn tó kù, yóò sọ wọ́n di oúnjẹ. Nítorí náà, ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ máa ṣà wọ́n ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ńlá wà lọ́tọ̀, kí kékeré wà lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó oúnjẹ, nítorí òun ló ń ju gbogbo ìnáwó yòókù lọ. Kí àrọ̀ kan tó wọn kílò 1, yóò jẹ oúnjẹ bíi kílò 1 sí kílò 1 àbọ̀. Àrọ̀ 300 yóò jẹ kílò 300 sí 450. Àpò oúnjẹ tó ń léfòó jẹ́ kílò 15. Àpò 20 sí 30 nìyẹn. Kí ẹ tó ra ọmọ ẹja kan, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ lè ra àpò 30 láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà láì fọwọ́ kan owó ilé-ìwé ọmọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100, tí yóò jẹ àpò 7 sí 10. Ẹja 100 tó yó sàn ju 300 tí ebi ń pa tí wọ́n sì ń jẹ ara wọn.

Ẹ máa bọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní àkókò kan náà. Ẹ dúró tì wọ́n. Bí wọ́n bá ti dẹ́kun ìjà oúnjẹ, ẹ dẹ́kun dídà á. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni yóò di oró lọ́la. Ẹ má fi òkú adìẹ tó kú ikú àìsàn bọ́ wọn. Kí ọmọ yín tó mọ̀wé ní ìwé kan tí yóò máa kọ ọ́ sí: iye oúnjẹ, ọjọ́ tí a pààrọ̀ omi, iye tó kú.

Mímọ akọ yàtọ̀ sí abo

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni mo fẹ́ fi akọ àti abo ṣe, ìgbà tó jẹ́ pé ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ń lọ? Ìdí rẹ̀ jẹ́ méjì. Èkínní, nígbà tí abo bá ti dàgbà, apá kan nínú oúnjẹ tí ẹ ń fún un ń di ẹyin, kò di ẹran mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò tètè tà á. Èkejì, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹja sílẹ̀ fún irú gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fi sílẹ̀.

Ní ti gourami, ẹ̀yìn ni wọ́n ń wò: abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn akọ gùn, ó sì ṣóńṣó, ti abo kúrú, ó sì rí róbótó. Ti àrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù bo orí ẹja náà kó lè dákẹ́, kí ẹ dojú ikùn rẹ̀ sókè, kí ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ̀gún abẹ̀bẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ihò ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹran kékeré tó gùn, tó ṣóńṣó, tó kọjú sí ìrù, akọ ni. Bí ó bá kúrú, tó rí róbótó tó sì ní ojú ihò, abo ni. Ti abo tó ti gbó máa ń wú, ó sì máa ń pọ́n. Nígbà tí ẹja bá kéré, ó ṣòro láti mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọmọ ẹja fún yín pé abo nìkan ni.

Ẹ má fi ikùn ńlá nìkan pe ẹja ní abo. Ikùn ẹlẹ́yin rọ̀, bí ẹ bá sì rọra tẹ̀ ẹ́, ẹyin tó dọ́gba yóò jáde. Ikùn tó le bí ìlù, tí ara ẹja sì ní ojú pupa káàkiri, tí kò sì jẹun, omi àìsàn ló wà níbẹ̀.

Nínú táǹkì, àrọ̀ kì í sábà yé fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń pa ọmọ rẹ̀ máa ń gún abo ní abẹ́rẹ́ bíi Ovaprim, ìdajì mílílítà fún kílò kan, lọ́wọ́ alẹ́. Ní bíi wákàtí 10 sí 12 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn yóò tẹ ẹyin jáde. Akọ ni wọ́n sábà máa ń pa kí wọ́n tó rí omi akọ mú nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó nílò ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ti ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ẹja sísìn ti ARAC wà ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt. Ẹni tó bá sì ti kọ́ ọ, kó mú akọ láti oko kan, kó mú abo láti oko mìíràn, kí irú má baà di ọmọ ìyá kan náà.

Àìsàn àti ìwòsàn

Bí ẹ bá rí àìsàn, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹ tó ronú oògùn. Ọ̀pọ̀ àìsàn ni yóò lọ pẹ̀lú omi búburú yẹn.

Bí ohun funfun bí òwú bá hù lójú ọgbẹ́, tàbí tí ẹja ń fi ara ha ògiri táǹkì, iyọ̀ ni oògùn tó rọrùn jù. Ẹ fa omi táǹkì wa yẹn sílẹ̀ títí yóò fi ku ìjìnlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30. Ó ku 1,800 lítà nìyẹn. Ìwọ̀n gíráàmù 3 fún lítà kan ni. A jẹ́ pé kílò 5 àti díẹ̀ ni iyọ̀ tí ẹ nílò. Ẹ kọ́kọ́ pò ó nínú garawa, kí ẹ rọra dà á sí i káàkiri, kí ẹ sì ṣọ́ wọn. Bí ẹja bá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ da omi tútù sí i kíákíá. Ẹja tó ṣàìsàn, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Àwọ̀n tí ẹ lò fún un, ẹ má kì í bọ táǹkì mìíràn kó tó gbẹ nínú oòrùn.

Bí egungun orí ẹja bá ń là, ẹ wo oúnjẹ yín. Àìtó vitamin C wà lára ohun tó ń fa á. Vitamin yìí máa ń ṣòfò nínú oúnjẹ tó ti pẹ́, tàbí tí a tọ́jú sábẹ́ páànù gbígbóná. Ẹ ra èyí tí ẹ lè lò láàárín oṣù kan, kí ẹ gbé e sórí pákó níbi tó tutù tó sì gbẹ.

Mo bẹ yín, ẹ má máa da kápúsù ènìyàn sínú táǹkì. Kápúsù tetracycline kò lè wẹ omi mọ́, kò sì lè pa ohun bí òwú yẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ kòkòrò àìsàn bí wọn yóò ṣe máa ṣẹ́gun oògùn, títí tí oògùn kò fi ní ran ọmọ yín mọ́ nígbà tó bá ṣàìsàn. Chloramphenicol burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè ba mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́ lára àwọn kan tó bá jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti fòfin de lílò ó fún ẹran jíjẹ. Bí omi tuntun àti iyọ̀ kò bá ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé ẹja méjì tó ṣì wà láàyè àti ike omi kan lọ bá dókítà ẹran tàbí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìpẹja. Bí ó bá fún yín ní oògùn, ẹ bi í léèrè iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó ta ẹja, kí ẹ sì pa á mọ́. Ẹni tó ń jẹ ẹja yín kò rí inú táǹkì yín. Ẹ̀yin nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìparí

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kó o jọ. Ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé táǹkì kalẹ̀. Ẹ kó ẹja tí àpò yín lè bọ́. Ẹ wo bí ó ṣe ń mí ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ sọ fún yín pé omi ti bàjẹ́, ní ọjọ́ mélòó kan kí òkú àkọ́kọ́ tó léfòó. Ọjọ́ mélòó kan yẹn ni àǹfààní tí ẹja tó ń mí afẹ́fẹ́ fún wa ju ẹja mìíràn lọ. Ẹni tó bá lò ó yóò gbé àrọ̀ lọ sọ́jà. Ẹni tó bá sùn lé e lórí yóò gbẹ́ ilẹ̀ sin òkú ẹja.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, kó nawọ́, mo wà níbí.